Kólò kọ́ ni orí akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí á jọ gbé yẹ̀ wò nínú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí, nítorí pé ó kan gbogbo ẹni tí ó ń kọ́ ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá ní Yunifásítì, ó sì kan gbogbo ẹni tí ó ń fi í kọ́ni. Ọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó ni ẹ̀kọ́ ni. Nígbà tí olùkọ́ bá dúró níwájú tí ó ń sọ̀rọ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì jókòó tí ó ń kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀, ta ni ó ni ìmọ̀ tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì? Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì ṣe iṣẹ́ ti ara rẹ̀, tí olùkọ́ gbà á, tí ó fi bírò pupa fún un ní máàkì, níbo ni iṣẹ́ náà ń gbà lọ lẹ́yìn èyí?

Àwọn olùkọ́ kan ní òkè òkun ti bi ara wọn ní ìbéèrè yìí, wọ́n sì ti sọ ìdáhùn wọn di ìlànà kan tí èmi yóò máa pè ní ẹ̀kọ́ gbangba. Ẹsẹ̀ méjì ni ìlànà náà fi dúró. Èkíní ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ohun tí ó ti rí, tí ó ti gbọ́, tí ó sì ti mọ̀ láti ilé wá sínú kíláàsì, kí a sì kà á sí ìmọ̀. Èkejì ni pé kí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe kú sí ọwọ́ olùkọ́, kí ó jáde sí gbangba níbi tí ẹlòmíràn yóò ti rí i lò láìsan kọ́bọ̀. Mo fẹ́ yẹ ìlànà yìí wò bí ẹni tí ń yẹ aṣọ wò ní ọjà kí ó tó nawó: ibi tí ó ti nípọn, ibi tí ó ti fẹ́lẹ́, àti bóyá ó tó wa wọ̀ bí wọ́n ti rán an yẹn, tàbí ó yẹ kí á tún un gé.

Ìdí ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní 1963, ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Angicos ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn ilẹ̀ Bràsíìlì, Paulo Freire àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì tí ń ràn án lọ́wọ́ kó àwọn òṣìṣẹ́ tí kò mọ̀wé jọ, iye wọn tó 300, wọ́n sì fi nǹkan bí 40 wákàtí kọ́ wọn ní ìwé kíkà. Kì í ṣe a, b, d ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fetí sí ọ̀rọ̀ tí ó wà ní ẹnu àwọn ènìyàn náà lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn àti ọ̀rọ̀ ilé wọn, wọ́n sì wá inú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí yọ álífábẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi kọ́ wọn. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní 1964, wọ́n ti Freire mọ́lé, lẹ́yìn náà ni ó sá kúrò ní ìlú. Ìwé rẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù, Pedagogy of the Oppressed, jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1970.

Nínú ìwé yẹn ni ó ti fi irú ẹ̀kọ́ kan wé owó tí à ń fi pamọ́ sí báǹkì: olùkọ́ ni ó ń fi owó sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ni àpótí. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ Yorùbá ni Freire, kólò ni ìbá pè é. Gbogbo wa ni a mọ kólò. Kólò kì í sọ̀rọ̀. Ohun tí a bá sọ sínú rẹ̀ náà ni yóò wà níbẹ̀, kò ní dín, kò sì ní lé, nítorí pé owó inú kólò kì í bímọ. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ owó wa ni a ó fọ́ ọ. Ọjọ́ ìdánwò ni ọjọ́ tí à ń fọ́ orí akẹ́kọ̀ọ́ bí ẹni fọ́ kólò: olùkọ́ yóò ka kọ́bọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ sọ sí i, bí ó bá sì pé, a ó ní ọmọ náà mọ̀wé. Kò sí ẹni tí yóò béèrè bóyá ọmọ náà ní owó tirẹ̀ ní àpò kí ó tó wọ kíláàsì.

Ẹsẹ̀ kejì ìlànà náà kò pẹ́ tó ti àkọ́kọ́. Ní 2013, olùkọ́ kan ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ David Wiley kọ̀wé tako ohun kan tí a lè pè ní iṣẹ́ àṣesọnù. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ọ̀pọ̀ wákàtí kọ àròkọ kan, olùkọ́ yóò fi àkókò rẹ̀ kà á, yóò fún un ní máàkì, lẹ́yìn náà àwọn méjèèjì yóò sọ ọ́ nù. Wiley ní kí á wá iṣẹ́ tí yóò wúlò fún ẹlòmíràn lẹ́yìn tí a bá ti fún un ní máàkì tán. Ní 2015, Robin DeRosa, olùkọ́ ní Plymouth State University ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, fi ọ̀rọ̀ yìí dánrawò. Ìwé àkójọpọ̀ lítíréṣọ̀ àtijọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń rà wọ́n lójú, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí lábẹ́ àṣẹ òǹkọ̀wé kankan mọ́. Ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ, wọ́n wá àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí rí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí wọn, wọ́n sọ ọ́ di ìwé tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó jẹ́ òǹrajà lánàá wá di ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe ìwé.

Iṣẹ́ tí ó dára ni, n kò sì fẹ́ bù ú kù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ibi tí bàtà ti ta àwọn yẹn lẹ́sẹ̀, kí á sì wo tiwa. Wàhálà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ DeRosa ni pé ìwé wà, owó rẹ̀ ni ó pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń wá ti wà ní títẹ̀ láti ayébáyé; ohun tí ó kù ni kí á gbà á kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ń ta á. Wàhálà tiwa yàtọ̀. Ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nílò kò wọ́n nìkan, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò tíì kọ. Alámọ̀ Èkìtì, ègè Ẹ̀gbá, obitun Oǹdó, bíripo Ìkálẹ̀, ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ń ṣe lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu àti ní ilẹ̀ Yewa: mélòó nínú wọn ni akẹ́kọ̀ọ́ lè rí kà ní odindi nínú ìwé títẹ̀? Ẹnu àwọn àgbà ni wọ́n wà. Àgbà kan ń kú lónìí, òmíràn ń kú lọ́la, kò sì sí ẹni tí ó lè lọ sí ilé ìkàwé lọ yá ohun tí àgbà bá lọ sọ́run.

Nítorí náà, bí olùkọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ìrírí ara rẹ̀ wá sí kíláàsì, ó lè jẹ́ pé kí ẹ̀kọ́ lè dùn mọ́ ọn ni. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ mú wá láti ilé ni ẹ̀kọ́ náà gan-an. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ àgbà jẹ́ olórin ní ìlú wọn ń gbé ìwé tí a kò tíì tẹ̀ wọ kíláàsì. Bí a bá ní kí ó jókòó kí ó máa da ọ̀rọ̀ olùkọ́ kọ, a ti da ìwé bo ìwé mọ́lẹ̀. Èyí ni kókó ohun tí mo ní láti sọ. Ìyókù jẹ́ àlàyé.

Àwọn kan yóò sọ pé kò yẹ kí á lọ gba irú ìlànà yìí lọ́wọ́ ará òkè òkun, pé àwọn baba wa ti ń ṣe é kí àwọn yẹn tó jí. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni òótọ́. Ẹ wo àlọ́. Ẹni tí ń pa àlọ́ kò lè bẹ̀rẹ̀ títí àwọn tí ń gbọ́ ọ yóò fi dáhùn. Àwọn ni wọ́n ń gbe orin rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ àlọ́ àpamọ̀ ni, ọmọ tí ó bá mọ ọ̀kan ni yóò pa á fún àwọn yòókù láìwo ọjọ́ orí. Ẹ̀kọ́ gbangba ni ìyẹn láìsí àní-àní. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ-awo lọ́dọ̀ babaláwo. Ẹsẹ Ifá ni wọ́n ń kì fún un, òun náà yóò sì kì í tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ láìfi tirẹ̀ kún un, fún ọdún gbọọrọ. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ìrírí rẹ̀. A kò sì lè sọ pé ìlànà yìí burú, nítorí pé òun ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí a kò kọ sílẹ̀ lè kọjá láti ìran dé ìran láìbàjẹ́. Ohun tí à ń kọ́ ni ó ń sọ irú ọ̀nà tí à ń gbà kọ́ ọ. Ibi tí àṣìṣe wà ni pé a mú ọ̀nà tí ó yẹ ọmọ-awo, a fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀, ẹni tí a ní kí ó wá ronú, kí ó wádìí, kí ó sì ṣe lámèyítọ́.

Kódà nínú ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá tí gbogbo wa fi ń yangàn, ọ̀nà méjèèjì yìí wà níbẹ̀. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, àwọn ọdẹ dé Òkè Láńgbòdó, wọ́n sì lo ọjọ́ méje lọ́dọ̀ Ìrágbèje. Bàbá náà ni ó ń sọ̀rọ̀, àwọn ni wọ́n ń gbọ́. Àwọn tí wọ́n ti bá ẹbọra jà, tí wọ́n ti rí ohun tí ojú ènìyàn kì í rí, ni wọ́n jókòó bí ọmọ iléèwé. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe lámèyítọ́ Fágúnwà ti sọ pé ó fẹ́ràn láti máa kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìwà. Ibi tí ó ti hàn gbangba nìyí, olùkọ́ iléèwé sì ni Fágúnwà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà. Báwo ni ìtàn ṣe di kíkọ? Bàbá kan ni ó tọ akọ̀wé wá, tí ó ní kí ó mú ìwé àti kálàmù kí ó máa kọ ohun tí òun bá sọ. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, àwọn ará àdúgbò ń péjọ síbẹ̀ láti gbọ́. Èyí tí ó wù mí nínú méjèèjì ni ti akọ̀wé yìí. Kò ti inú ìwé ẹlòmíràn mú ọ̀rọ̀. Ó fetí sí ẹni tí ó rí nǹkan, ó kọ ọ́, ó sì fi fún gbogbo ayé. Bí akẹ́kọ̀ọ́ wa bá fẹ́ kọ́ ohun kan lára Fágúnwà, kí ó kọ́ ìyẹn ṣáájú àpọ́nlé ọ̀rọ̀.

Ìlẹ̀kùn àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí á ṣí fún akẹ́kọ̀ọ́ ni ìlẹ̀kùn èdè, a sì ní àpẹẹrẹ tí ó lágbára ní ilé. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún odindi ọdún mẹ́fà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú; Gẹ̀ẹ́sì wà, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ ni, olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa ni ó sì ń kọ́ wọn. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn ọmọ mìíràn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n wọn àwọn méjèèjì, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ títí dé òpin ṣe dáadáa jù nínú àwọn iṣẹ́ yòókù, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ètò yìí fi hàn pé ọmọ kò wá sí iléèwé lófìfo. Ó gbé èdè dání wá, ó sì ti fi èdè náà ronú kí ó tó rí bírò.

Ẹ jẹ́ kí á wá béèrè lọ́wọ́ ara wa bí a ṣe ń ṣe ní Yunifásítì, níbi tí Yorùbá jẹ́ ẹ̀kọ́ tí à ń gba oyè lé lórí. Ẹ jẹ́ kí á mú akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó wá láti Oǹdó ṣe àpẹẹrẹ. Ó lọ sílé, ó gba orin obitun lẹ́nu àwọn ìyá àgbà ìlú rẹ̀, ó fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, ó sì fi kọ àpilẹ̀kọ àṣekágbá fún oyè B.A. Ohun mẹ́ta ni ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí irú iṣẹ́ yìí.

Àkọ́kọ́, a ó fa igi pupa sí abẹ́ ọ̀rọ̀ Oǹdó tí ó kọ, a ó ní kí ó kọ ọ́ bí Yorùbá àjùmọ̀lò. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 wúlò, n kò sọ pé kí á da á nù. Láìsí i, ará Èkó àti ará Ìlọrin kò ní lè ka ìwé kan náà. Ṣùgbọ́n ìwé ni à ń fi àkọtọ́ kọ, a kì í fi pa ohùn olórin dà. Bí a bá yí orin Oǹdó padà sí Yorùbá àjùmọ̀lò, orin mìíràn ni a ní lọ́wọ́. Èkejì, a ó fún un ní máàkì nítorí iye ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó tọ́ka sí. Bí ọ̀rọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ bá takò ti ọ̀mọ̀wé, ọ̀rọ̀ ọ̀mọ̀wé ni yóò lékè, bẹ́ẹ̀ ni ó sì lè jẹ́ pé ìyá náà ni ó kọ orin náà fún àádọ́ta ọdún. Ẹ̀kẹta, a ó di àpilẹ̀kọ náà, a ó fi èèpo líle bò ó, a ó tò ó sórí pẹpẹ níbi tí eruku yóò ti máa kà á. Ní ọdún tí ń bọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn láti Oǹdó yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò ní mọ̀ pé ẹnìkan ti rin ọ̀nà náà. Àwọn ìyá tí wọ́n kọ orin kò ní rí ìwé náà láéláé. Bí èyí kì í bá ṣe iṣẹ́ àṣesọnù, n kò mọ orúkọ tí à bá pè é.

Mo mọ̀ pé àtakò wà, ó sì yẹ kí á gbọ́ wọn. Àtakò kìíní ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì gbọ́n tó. Bí a bá gbé iṣẹ́ rẹ̀ sí gbangba, àṣìṣe ni a ó máa tàn kálẹ̀. Èsì mi ni pé iṣẹ́ tí ayé yóò kà ni ènìyàn máa ń ṣe dáadáa. Ẹni tí ó mọ̀ pé olùkọ́ kan ṣoṣo ni yóò ka ìwé òun yóò kọ ọ́ ní òru ọjọ́ tí ó kù ọ̀la. Ẹni tí ó mọ̀ pé ará ìlú òun yóò kà á yóò padà lọ béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ní 1958, J. P. Clark, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, dá ìwé ewì akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń jẹ́ The Horn sílẹ̀, olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Martin Banham sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé pẹlẹbẹ ni, akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń kọ ọ̀pọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó lè kọ ìtàn ewì Nàìjíríà lóde òní láìdárúkọ rẹ̀. Àṣìṣe wà nínú rẹ̀ bí àṣìṣe ti ń wà nínú iṣẹ́ gbogbo ọmọdé. Àṣìṣe tí ó wà ní gbangba ni ènìyàn lè tún ṣe. Èyí tí ó wà nínú àpótí kò ní oníṣègùn.

Àtakò kejì lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ, ibẹ̀ sì ni mo ti rò pé àwọn tí ń polówó ẹ̀kọ́ gbangba kò rò ó dé ìdí. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ. Orin wà tí kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Oríkì wà tí ó gbé ìtìjú ìdílé dání. Ọ̀rọ̀ awo wà. Ìrírí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ wà tí kò ní fẹ́ kí olùkọ́ gbọ́, ká má tíì sọ ti gbogbo ayé: ebi tí ó pa á, ìyà tí ó jẹ ẹ́ ní ilé. Bí olùkọ́ bá ní dandan ni kí gbogbo ọmọ kíláàsì tú inú wọn sílẹ̀ ní gbangba, tí ó sì ń fi máàkì dẹ wọ́n, kí ni ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti ẹni tí ń fọ́ kólò? Kólò náà ni ó tún fọ́, owó ọlọ́wó ni ó sì kó jáde. Ìwé àṣẹ Creative Commons tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, tí ọ̀pọ̀ fi ń gbé irú iṣẹ́ yìí jáde, kò ṣe é gbà padà: ohun tí a bá ti yọ̀ǹda lábẹ́ rẹ̀, ẹni tí ó ti rí i gbà ní ẹ̀tọ́ láti máa lò ó lọ. Nítorí náà, kí á tó gbé iṣẹ́ jáde ni ó yẹ kí á gba àṣẹ, lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ orin fún un. Ẹni tí ó bá ní òun kò fẹ́, kí a gbà fún un, kí máàkì rẹ̀ má sì dín. Ẹni tí kò lè sọ pé rárá, a kò tíì fún un ní agbára kankan.

Àtakò kẹta ni ti òógùn ojú. Olùkọ́ kan lè fi orúkọ ẹ̀kọ́ gbangba bojú, kí ó rán 60 akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí 60 ìlú, kí wọ́n kó ọ̀rọ̀ wá, kí ó sì tẹ ìwé kan tí orúkọ tirẹ̀ nìkan wà lára èèpo rẹ̀. Agbọ́ná-jẹṣu ni irú ẹni bẹ́ẹ̀, kì í ṣe olùkọ́. Orúkọ ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀, orúkọ ẹni tí ó gbà á sílẹ̀, àti orúkọ ẹni tí ó tún un tò, gbogbo wọn ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀, àyàfi ẹni tí kò bá fẹ́ kí a dárúkọ òun.

Kí ni ó wá yẹ kí á ṣe? Mo dábàá ohun kékeré kan tí kò nílò owó ìjọba. Nínú kíláàsì kan ṣoṣo nínú ọdún, kí olùkọ́ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ojú ìwé kan wá láti ilé: orin kan, ìtàn orúkọ àdúgbò kan, èèwọ̀ kan, tàbí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ kan bí aró dídá tàbí ẹmu dídá. Kí ó kọ ọ́ sí èdè ìlú rẹ̀ gan-an, kí ó sì kọ ọ́ sí Yorùbá àjùmọ̀lò ní ìsàlẹ̀. Kí ó kọ ẹni tí ó sọ ọ́, ibi tí ó ti sọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Kí ó kọ ohun tí kò yé òun fúnra rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹlòmíràn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wá láti ìlú tí ó múlé gbè é kà á kí olùkọ́ tó kà á. Kí olùkọ́ wá ṣe iṣẹ́ olóòtú: kí ó béèrè, kí ó tọ́ sọ́nà, kí ó má ṣe pa ohùn ọmọ náà rẹ́. Ní ọdún kejì, kí kíláàsì tuntun bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ti ìṣáájú dúró sí.

Ìwé ẹgbẹ́ bí èyí tí ẹ ń kà lọ́wọ́ yìí ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde. Àwọn kan yóò ní kí á gbé e lọ sí Wikipedia èdè Yorùbá tààrà. Ó dára kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa kọ̀wé síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìlànà Wikipedia ni pé ohun tí a bá kọ gbọ́dọ̀ ní ìwé tí a ti tẹ̀ jáde lẹ́yìn; ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ lẹ́nu ìyá àgbà nìkan kò tó fún wọn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìmọ̀ ìlú rẹ̀ dé gbangba ayé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i pé ó dé ojú ìwé tí a tẹ̀. Bí a bá ti tẹ̀ ẹ́, kí a fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ìlú tí ọ̀rọ̀ ti wá, kí ẹni tí ó mọ̀wé kà á fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí àwọn àgbà ìlú bá ní a ti ṣì í kọ, kí a tẹ àtúnṣe wọn sínú èyí tí ó tẹ̀lé e. Àwọn náà di olùkọ́ wa nìyẹn.

Àwọn baba wa ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. A máa ń pa òwe yìí níbi ìpàdé, a sì máa ń pàtẹ́wọ́ sí i, ṣùgbọ́n nínú kíláàsì, ọgbọ́n àgbà nìkan ni à ń fún ní máàkì. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ yín léèrè ohun tí ó wà lápò rẹ̀ kí ẹ tó sọ kọ́bọ̀ yín sí i. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọlidé ń bọ̀, ẹ ó sì lọ sílé. Ẹ gbé bírò àti ìwé dání, ẹ jókòó ti àwọn ìyá àti bàbá yín, ẹ gba àṣẹ lẹ́nu wọn, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n bá fẹ́ kí ẹ kọ. Ojú ìwé ẹgbẹ́ wa ṣí sílẹ̀ fún un.